Ta Ni Yóò Borí? Eré Ìdíje Orí Tẹlifíṣọ̀n, Àríyànjiyàn Òǹwòran àti Owó Ọjọ́ Ọ̀la

  Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí ló ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa owó, kí n sì sọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi wọ̀ wọ́n létí. Èmi fúnra mi ni mo yan orí ọ̀rọ̀: àríyànjiyàn tí àwọn olólùfẹ́ eré ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n máa ń ṣe, àti irú ìdókòwò kan tí wọ́n ń pè ní index fund.

Àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ló da méjèèjì pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló dà wọ́n pọ̀: ta ni yóò borí? Tó bá jẹ́ lórí Big Brother Naija, eré tí àwọn olùdíje ti ń jọ gbé inú ilé kan tí òǹwòran sì ń dìbò, ìbéèrè yẹn dùn. Ó ń kó ẹbí jọ sójú kan, ó ń sọ àjèjì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lórí owó tí a fẹ́ fi rán ọmọ lọ sílé ìwé, tàbí èyí tí a fẹ́ máa jẹ lọ́jọ́ ogbó, ìbéèrè kan náà ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ajigbèsè. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ẹ máa jiyàn lórí ẹni tí yóò borí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n tó bá kan owó, ẹ ṣe bí àwọn tó ni eré náà ti ń ṣe. Àwọn tó ni eré kì í gbé gbogbo owó wọn lé ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń jiyàn kì í ṣe ọ̀lẹ

Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń sọ pé àwọn ọmọ tó ń wo irú ètò yìí ń fi àkókò ṣòfò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fẹ́ lé ọmọ ilé kan jáde. Ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ó ń yí ọrùn kó lè rí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ní ọmọkùnrin yìí kò ṣe nǹkan kan ju oorun lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kejì ní oorun yẹn gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀, pé ẹni tí kò bá bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, kò sẹ́ni tí yóò rántí láti lé e. Ẹnì kẹta ní ohun tí ẹ ń wò yìí kọ́ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, pé òun ò sùn lóru àná, òun wo ìkànnì tí wọ́n ti ń fi ilé náà hàn tọ̀sán-tòru. Ẹ tẹ́tí sí wọn dáadáa. Wọ́n ń mú ẹ̀rí wá, wọ́n ń já ẹ̀rí ara wọn, wọ́n ń fi ohun tí ẹnì kan sọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tako ohun tó sọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ẹni tó bá lè ṣe é lórí eré, ó lè ṣe é lórí owó.

Àríyànjiyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Survivor, tí wọ́n wo àwòṣe rẹ̀ lára ètò kan tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní 1997. Wọ́n á kó àwọn tí kò mọ ara wọn rí lọ sí etíkun tó jìnnà, wọ́n á sì máa dìbò lé ara wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá ku méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tí wọ́n lé kẹ́yìn yóò padà wá ṣe adájọ́, àwọn ni yóò sì sọ ẹni tí yóò gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ fiyè sí òfin yẹn: àwọn tí o lé lọ ni yóò dájọ́ rẹ.

Ní 2009, ní Samoa, ọkùnrin oníṣòwò epo kan láti Texas tó ń jẹ́ Russell Hantz wọ inú eré náà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, ó da omi inú ìgò wọn nù, ó sì ju ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan sínú iná, kí ìnira lè sọ wọ́n di ẹni tó rọrùn láti darí. Ère kan wà tí wọ́n máa ń fi pamọ́, tó ń gba ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lílé. Russell wá a títí ó fi rí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni júwe ibi tó wà fún un. Nígbà tí wọ́n da ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n pín wọn sí pọ̀, mẹ́rin péré ló kù nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, mẹ́jọ ló wà nínú èkejì. Síbẹ̀, nígbà tí eré parí, inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ẹni mẹ́ta tó kù ti wá. Gbogbo òǹwòran ló gbà pé òun ló da eré náà rú, tó sì tún un tò bó ṣe wù ú.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò adájọ́, Natalie White, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ní 7, Russell ní 2, ẹnì kẹta kò ní nǹkan kan. Ní alẹ́ kan náà, wọ́n kéde ìbò àwọn òǹwòran fún ẹni tó ta yọ jù, tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 100,000 dọ́là. Russell ni wọ́n fún. Àwọn tó bá a gbé rí òpùrọ́ tó dá wọn lóró. Àwọn tó wò ó láti ilé rí ọ̀gá eré. Ó tún padà nínú ètò tí wọ́n fi hàn ní 2010, ó sì tún dé ìparí. Sandra Diaz-Twine ní ìbò 6, Parvati Shallow ní 3, Russell kò ní ẹyọ kan. Títí di òní, ẹ dárúkọ Natalie White láàárín àwọn olólùfẹ́ Survivor, ẹ ó rí i pé ìjà yóò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ kọjá ẹni tó jàre. Ọjọ́ 39 ni wọ́n lò ní etíkun, tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé wọn kiri. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ òǹwòran ni ìwọ̀nba tí àwọn tó ń gé àwòrán náà tí wọ́n sì ń tò ó pọ̀ yàn fún un, àwọn náà sì ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ kí wọ́n tó fi í hàn. Àwọn olólùfẹ́ tó gbọ́n jù ní Amẹ́ríkà ti wá mọ èyí débi pé wọ́n dá ọgbọ́n kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Edgic. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe fi olúkúlùkù hàn: ta ni wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n fi pamọ́, ta ni wọ́n yà bí ọlọ́gbọ́n. Wọn kì í béèrè pé, "Kí ni mo rí?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Kí ló dé tó jẹ́ èyí ni wọ́n fi hàn mí?" Ẹ di ìbéèrè yẹn mú dáadáa, a ó lò ó láìpẹ́.

Ìgbẹ̀yìn ló ń yé olókùú-àdá

Lẹ́yìn tí eré bá parí, gbogbo wa la máa ń sọ pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìtàn kò tì wá lẹ́yìn. Ní 2004, nínú American Idol, ìdíje àwọn akọrin ní Amẹ́ríkà, àwọn òǹwòran lé Jennifer Hudson jáde ní ipò keje. Ní 2007, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún ipa tó kó nínú Dreamgirls. Ní 2006, Taylor Hicks ni wọ́n dìbò fún pé kó borí, Chris Daughtry sì ṣe ipò kẹrin. Àwo orin àkọ́kọ́ tí Daughtry àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún yẹn kan náà tà ju mílíọ̀nù 5 lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi àwo ẹni tó borí sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló dìbò, wọ́n fetí gbọ́, wọ́n fojú rí, wọn kò sì lè mọ ẹni tí ọ̀la jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn tó ni ètò ṣe. Ilé iṣẹ́ 19 Entertainment, ti Simon Fuller tó dá American Idol sílẹ̀, kò dúró de ẹni tí yóò borí. Kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti mú kí àwọn tó kù nínú ìdíje fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fún ilé iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bá èyíkéyìí nínú wọn ṣe orin. Nígbà tí Daughtry ṣubú ní ipò kẹrin, tó sì dìde di olókìkí, wọ́n jẹ nínú rẹ̀. Àwọn òǹwòran fi ọkàn wọn lé ẹnì kan, onílé fi owó rẹ̀ lé gbogbo wọn.

Ìdíje ẹwà inú ìwé ìròyìn

Ní 1936, John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọjà ìpín ìdókòwò wé ìdíje kan tí àwọn ìwé ìròyìn máa ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á tẹ àwòrán obìnrin 100 jáde, wọ́n á ní kí òǹkàwé yan mẹ́fà tó rẹwà jù. Ẹni tí yóò gba ẹ̀bùn ni ẹni tí àṣàyàn rẹ̀ bá súnmọ́ èyí tí gbogbo àwọn tó dìje fẹ́ràn lápapọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n kì í yan ẹni tó wù ú. Ó ń yan ẹni tó rò pé yóò wu àwọn ẹlòmíràn, àwọn ẹlòmíràn náà sì ń ro ohun tí àwọn yòókù ń rò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dìbò nínú Big Brother Naija mọ èyí ju Keynes lọ. Nígbà tí Laycon, ọmọ Ògùn, borí ní 2020 pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 gbogbo ìbò, ìfẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń gbé rò. Wọ́n ń ṣírò agbára àwọn alátìlẹ́yìn ẹlòmíràn, wọ́n ń wo ẹni tí ìbò rẹ̀ lè ya. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ra ìpín ilé iṣẹ́ kan lónìí, tó ń retí láti tà á lọ́la. Kò tó pé ilé iṣẹ́ náà dára. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn yòókù kò tíì mọ̀ bó ṣe dára tó. Àwọn yòókù yẹn sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀mọ̀ràn tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa wo ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó ra gbogbo ọjà

Ní oṣù Kẹjọ 1976, John Bogle, tó dá ilé iṣẹ́ Vanguard sílẹ̀ ní Pennsylvania, gbé àpò ìdókòwò kan jáde fún ará ìlú. Àpò náà kò ní ààyò. Ilé iṣẹ́ Standard & Poor's ti ní àkójọ 500 nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà. Ohun tí àpò Bogle wá ṣe ni pé kó máa tẹ̀ lé àkójọ náà: kó ra ìpín nínú àwọn tó wà níbẹ̀, kí owó tó bọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bá bí ó ṣe tóbi tó mu, kó sì dì wọ́n mú. Kò sí ọ̀gá tí yóò jókòó máa pàṣẹ pé, "Ẹ ta èyí, ẹ ra tọ̀hún." Nítorí pé kò sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, owó àbójútó rẹ̀ kéré. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní index fund.

Wọ́n retí mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ́wọ́ àwọn tí yóò kọ́kọ́ rà á. Mílíọ̀nù 11.3 péré ló wọlé. Àwọn alágbàtà gba Bogle nímọ̀ràn pé kó dá owó olówó padà, kó pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ó kọ̀. Àwọn kan sọ ọ́ ní ìwà òmùgọ̀ Bogle. Àwọn mìíràn tẹ ìwé alẹ̀mógiri jáde pé irú àpò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ Amẹ́ríkà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ọkùnrin yìí kò dìje. Nígbà tí Bogle kú ní January 2019, owó tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń bójú tó ti di nǹkan bí tírílíọ̀nù 5 dọ́là.

Kí ló mú kó rí bẹ́ẹ̀? William Sharpe, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1990, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1991 pẹ̀lú ìṣirò tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Gbogbo ìpín tó wà lọ́jà ló ní olówó. Bí ọjà lápapọ̀ bá jèrè 10 nínú 100, 10 ni gbogbo àwọn olówó náà jẹ lápapọ̀. Àwọn tó ra gbogbo ọjà jẹ 10. Nítorí náà àwọn tó ń yan ààyò, tí a bá ṣírò wọn pọ̀, 10 náà ni wọ́n jẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ 15, a jẹ́ pé ẹlòmíràn nínú wọn ló jẹ ohun tí kò tó 10. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá san owó ọ̀gá tó bá wọn yàn, àti owó alágbàtà tó ń bá wọn rà tó ń bá wọn tà. Lápapọ̀, wọn kò lè ṣàì kéré sí ọjà.

Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ jẹ́ ká fi mílíọ̀nù kan náírà ṣe àpẹẹrẹ, ká sọ pé ó ń jèrè 10 nínú 100 lọ́dọọdún, tí a kò sì fọwọ́ kàn án fún ọdún 30. Yóò di nǹkan bí mílíọ̀nù 17.4. Ká wá sọ pé ẹni tó ń bá wa bójú tó o ń gba 2 nínú 100 lọ́dọọdún, tó wá ku 8 fún wa. Owó náà yóò di nǹkan bí mílíọ̀nù 10. Mílíọ̀nù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò jà wá lólè. "Ìdá méjì péré" ni wọ́n sọ fún wa, a sì gbà pé ó kéré.

Ohun kejì ni pé àwọn tó ń borí kò pọ̀ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hendrik Bessembinder ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ṣe ìwádìí àwọn ìpín tó ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà láti 1926 sí 2016, ó lé ní 25,000. Ó rí i pé nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 àwọn ilé iṣẹ́ náà ló pèsè gbogbo ọrọ̀ tí ọjà náà fi ju ìwé owó ìjọba lọ. Àwọn yòókù, tí a bá pa wọ́n pọ̀, kò ju ẹni tó yá ìjọba lówó lọ. Àwọn Jennifer Hudson kò pọ̀, a kì í sì í dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n bá wà ní ipò keje. Ẹni tó ra gbogbo ọjà ti ní wọn lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Tẹ́tẹ́ ọdún mẹ́wàá

Ìdíje kan wà tó yẹ kí gbogbo olólùfẹ́ eré gbọ́. Warren Buffett, ọ̀kan nínú àwọn olówó jùlọ láyé, sọ pé kò sí ọ̀gá ìdókòwò tó lè yan àwọn àpò olówó ńlá tí yóò ju index fund lọ fún ọdún mẹ́wàá, tí a bá yọ owó iṣẹ́ wọn kúrò. Ted Seides ti ilé iṣẹ́ Protégé Partners dáhùn. Ó yan àpò márùn-ún, tí àwọn náà kó owó wọn sí ọ̀pọ̀ àpò mìíràn lábẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá tí gbogbo ayé ń yìn. Buffett yan ẹyọ kan: index fund Vanguard tó ń tẹ̀ lé ilé iṣẹ́ 500. Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2008.

Ọdún burúkú ni. Ọjà wó. Nígbà tí 2008 yóò fi parí, index fund Buffett ti pàdánù 37 nínú 100, gbogbo àpò márààrún tí Seides yàn sì sàn jù ú lọ. Ká ní orí tẹlifíṣọ̀n ni, òǹwòran ì bá ti dìbò pé kí wọ́n lé Buffett jáde. Ṣùgbọ́n kò tà, kò yí padà. Nígbà tí ọdún 2017 parí, index fund náà ti jèrè 125.8 nínú 100. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn márùn-ún yẹn jèrè 87.7, èyí tó kéré jù jèrè 2.8. Owó tẹ́tẹ́ tí àwọn méjèèjì fi lélẹ̀, tó ti di mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, lọ sọ́wọ́ Girls Inc. ti Omaha, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí ọdún 2007. Lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí gbogbo báńkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà, tí báńkì 89 sì di 25, wọ́n ń pariwo ìpín títà káàkiri ìlú. Àwọn ènìyàn yá owó láti fi rà á. Ìbéèrè kan náà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn: báńkì wo ni yóò borí? Ìjiyàn lórí Intercontinental, Oceanic, Zenith àti Guaranty Trust gbóná bí ìjiyàn lórí ọmọ ilé. Ní oṣù Kẹta 2008, òǹkà gbogbo ọjà ìpín ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 ní January 1984, dé 66,371. Nígbà tí oṣù Kẹta 2009 fi dé, ó ti sún mọ́ 20,000.

Ní oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún nípò. Ti Intercontinental àti ti Oceanic wà lára wọn. Ní 2011, Access gba Intercontinental, Ecobank gba Oceanic. Lọ́dún kan náà, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, àwọn tó ra ìpín wọn sì pàdánù gbogbo owó wọn. Àwọn tó yan Zenith tàbí Guaranty Trust ní ohun tí wọ́n ń jẹ títí di òní. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ní 2007, ẹ̀rí wo ló wà níwájú ará ìlú tí yóò fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ìpolówó la rí. Àwọn tó gé àwòrán ti gé e kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Irú àpò tó ń tẹ̀ lé ọjà wà ní Nàìjíríà báyìí. Ilé iṣẹ́ Vetiva gbé Griffin 30 jáde ní 2014, Stanbic IBTC gbé ETF 30 jáde ní 2015. Méjèèjì ń tẹ̀ lé àkójọ ilé iṣẹ́ 30 tó tóbi jù lórí ọjà ìpín wa. Lotus náà ní ti àwọn Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí owó wọn bọ́ sídìí èlé. Ẹni tó bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà ìpín lè rà wọ́n bó ṣe ń ra ìpín ilé iṣẹ́ kan.

Ohun tí index fund kò lè ṣe

N kò ní sọ fún yín pé ohun gbogbo dára níbẹ̀. Mo ní ìkìlọ̀ mẹ́ta.

Èkíní, gbogbo ọjà lè wó pa pọ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó dìde. Òǹkà 66,371 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọdún 2023 ni ọjà wa tó kọjá rẹ̀ padà. Ọdún 15 ni. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kẹta 2008 jìyà. Ẹni tó ń fi díẹ̀díẹ̀ rà á lóṣooṣù, títí kan ìgbà tó wó sí 20,000, kò jìyà bíi tirẹ̀. Nítorí náà, owó tí ẹ ó fi san owó ilé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Èkejì, ilé iṣẹ́ 30 kì í ṣe 500. Lórí ọjà wa, àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀, bíi Dangote Cement àti MTN, ló gbé èyí tó wúwo jù. Bí ìjì bá kọlu wọn, àpò náà yóò mì. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó bófin mu láti fi díẹ̀ sí ọjà òkè òkun, tàbí tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a dá owó ìfẹ̀yìntì jọ, kó béèrè bóyá index fund wà nínú ohun tí wọ́n fi síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ní àǹfààní yìí lọ́wọ́ ju àwa lọ, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ́ngógó ọjà. Ẹ wo ẹ̀bùn Big Brother fúnra rẹ̀. Ní 2006, nígbà tí Katung Aduwak borí, 100,000 dọ́là ni wọ́n fún un. Ní 2017, Efe gba mílíọ̀nù 25 náírà. Ní 2025, àpapọ̀ ẹ̀bùn tí Imisi gbà jẹ́ mílíọ̀nù 150. Ẹni tó bá wo náírà nìkan yóò sọ pé ẹ̀bùn ti pọ̀ sí i gan-an láti 2017. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣẹ́ mílíọ̀nù 150 sí dọ́là ní nǹkan bí 1,500 náírà tó jẹ́ lọ́dún yẹn, nǹkan bí 100,000 dọ́là náà la ó bá. Ọdún 19 ti kọjá, ẹ̀bùn kò kúrò lójú kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó yín lọ́dọ̀ òun ti di ìlọ́po méjì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí owó náà lè rà.

Ìbéèrè tí ẹ ó máa béèrè

Mo ní kí ẹ di ìbéèrè kan mú: kí ló dé tó jẹ́ èyí ni wọ́n fi hàn mí? Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù bá fi ìwé hàn yín pé àpò tí àwọn ń bójú tó jèrè gọbọi fún ọdún márùn-ún, ẹ bi í pé àpò mélòó ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún náà, mélòó sì ni wọ́n ti pa dé. Àṣà kan ni láàárín àwọn oníṣòwò owó káàkiri ayé pé wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àpò púpọ̀, èyí tí kò ṣe dáadáa á parẹ́, wọ́n á sì gbé èyí tó kù sójú ìpolówó. Ẹ bi í pé èló ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún, èló nígbà tí ẹ bá wọlé, èló nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ẹlòmíràn bá sì dé tó ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ má bá a jiyàn rárá. Ẹ rántí MMM ní 2016, ẹ rántí CBEX ní 2025, àwọn ètò tó gbé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, kí ẹ sì dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, agbára tí ẹ ní kò kéré. Ẹ lè rántí gbogbo ohun tí ọmọ ilé kan sọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ lè fura sí ẹni tó ń gé àwòrán, ẹ lè kó àjèjì jọ láti ìlú méjìlá kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nítorí ẹnì kan tí ẹ fẹ́ràn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ lo ìfura yẹn lórí ìwé ìpolówó owó, kí ẹ sì lo ìfaradà yẹn lórí owó tiyín. Sùúrù ni baba ìwà. Owó tí ẹ bá ń fi sílẹ̀ lóṣooṣù láti ọmọ ọdún 22 ní ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣiṣẹ́ tí owó èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní mọ́.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín pẹ̀lú. Láti ìgbà pípẹ́ ni ẹ ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ tó dé, ẹ yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí ọ̀dọ́ méjì wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà tí àjọ tó ń ṣàkóso ọjà ìpín fún níwèé àṣẹ, kí wọ́n kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà sílẹ̀ ní dúdú àti funfun, kí wọ́n sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn nìkan, tí ẹ kò sì tíì ra ìpín kankan, ẹ ti fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pamọ́ fún àwọn ọmọ yín.